Ọmọ Ta Ni Ẹ́?

Tí-ṣẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìgbìmọ̀ fi jiyàn lórí àwọ̀ rẹ̀, bóyá kó jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ ọsàn, bóyá àmì ìjọ ni ká fi síwájú tàbí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà. Búlúù ló borí. Wọ́n kọ "Mission to Africa 2019" sí i láyà, wọ́n kọ Jákọ́bù 1:27 sí i lẹ́yìn, wọ́n sì pín in fún àwa mẹ́rìnlá tí a fẹ́ lọ, méjì-méjì lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, torí pé ọjọ́ mẹ́wàá la máa lò, òógùn ò sì ní ṣàìmú wa.

Mo pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Iléṣà kí wọ́n lè máa fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́. Mo ní ìjọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ lọ bẹ àwọn ọmọ òrukàn wò ní Áfíríkà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Áfíríkà wo nìyẹn?" Mo ní Uganda ni. Wọ́n ní, "Háà, ó dáa. Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ wa lẹ ń bọ̀, kí n yára gbálẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwàdà nìkan kọ́ ni wọ́n ń ṣe.

Méjìlá nínú àwa mẹ́rìnlá, Yorùbá ni. Gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni ìjọ wa wà, irú ìjọ tí ìsìn aago mẹ́wàá ti ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá, tí jọ̀lọ́ọ̀fù sì máa ń wà lẹ́yìn ìdúpẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀dọ́ wa sí; Áfíríkà tí wọ́n mọ̀ kò kọjá ìgbéyàwó ọjọ́ mẹ́rin ní Lẹ́kí. Àwa àgbà ni a gbé ilé dàgbà. Kò sì sí ẹni tó rò nínú wa pé a jọ àwọn òyìnbó tó máa ń lọ gbé ọmọ aláwọ̀ dúdú sí itan ya fọ́tò. A ti fi irú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Tiwa yàtọ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá.

Àwọn ọmọ tó wà lẹ́bàá títì ní Uganda kò mọ̀ pé tiwa yàtọ̀. Bí bọ́ọ̀sì wa ṣe ń kọjá ni wọ́n ń juwọ́ sí wa, tí wọ́n ń pariwo "Bazungu! Bazungu!" Orúkọ òyìnbó nìyẹn lẹ́nu wọn. Ọmọkùnrin kan nínú wa, tó dúdú jù mí lọ, bínú títí a fi dé ibi tí à ń lọ.

Entebbe la balẹ̀ sí lóru, létí adágún Victoria, wọ́n yẹ káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wa wò, a sì sùn mọ́jú ní Kampala. Láti ibẹ̀ dé Jinja tó ọgọ́rin kìlómítà. A gba àárín igbó Mabira. Kí á tó dé ibẹ̀, àwọn tó ń ta adìẹ sísun tí wọ́n fi igi gún rọ́ mọ́ fèrèsé bọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbúrẹ́dì ṣe ń rọ́ mọ́ ọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. A gba orí afárá tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2018 sọdá odò Náílì, níbi tí odò náà ti ń jáde kúrò nínú adágún, tí yóò máa ṣàn lọ títí dé Íjíbítì. Gbogbo bọ́ọ̀sì yọ fóònù.

Ilé àwọn ọmọ náà wà ní abúlé kan lẹ́yìn Jinja. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ 46 ló wà níbẹ̀. Bí géètì ṣe ṣí ni wọ́n ya bò wá, orin ń dún, ìlù ń dún. Ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún márùn-ún sáré tọ̀ mí wá, ó gùn mí bí ẹni gun igi, ó fi apá méjèèjì di ọrùn mi mú gírígírí. N kò tíì sọ orúkọ mi fún un. Pásítọ̀ ní, "Ẹ wo ìfẹ́!" Omi lé ròrò lójú gbogbo wa.

Èmi náà sunkún. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti tọ́ ọmọ mẹ́ta. Nílé wa, bí ọmọ ọwọ́ bá tó oṣù méje sí mẹ́jọ, tí àlejò nawọ́ sí i, tó figbe ta, tó fi ojú pamọ́ sí àyà ìyá rẹ̀, àwọn àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ó ti ń mojú." Inú ìyá á dùn. Ẹkún yẹn ni ẹ̀rí pé ọmọ ti mọ ẹni tó ni òun. Ọmọ ọdún márùn-ún tó lè gun ẹni tí kò rí rí, tí yóò tún gun ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú ta ni ó mọ̀?

Lẹ́yìn tí mo padà dé ni mo tó ka iṣẹ́ tí Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah bẹ̀rẹ̀ ní Bucharest, olú-ìlú Romania, lọ́dún 2000. Ọmọ kékeré 136 tó wà ní ilé ìtọ́jú ìjọba ni wọ́n tẹ̀lé. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n kó ìdajì wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé alágbàtọ́, ìdajì tó kù dúró sínú ètò tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ jí pépé ju àwọn yòókù lọ, pàápàá àwọn tí wọ́n kó jáde kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Ohun tí àwọn olùwádìí náà sì ń rí lára àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú ni ohun tí mo rí lẹ́nu géètì yẹn: ọmọ tí yóò bá àlejò lọ láìwẹ̀yìn. Ohun tí Pásítọ̀ pè ní ìfẹ́, àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ bí àmì àìsàn.

A ṣiṣẹ́, n kò ní purọ́. A kọ́ wọn lórin, a pín bàtà, a yẹ eyín wò. Wọ́n ní kí á kun ilé oúnjẹ wọn. Bí mo ṣe ń ha ògiri náà kí á tó kùn ún, mo rí àwọ̀ ewé lábẹ́ yẹ́lò, mo rí àwọ̀ pínǹkì lábẹ́ àwọ̀ ewé. Ọ̀dà náà nípọn bí èèpo igi. Mo bi ọmọkùnrin kan tó ń bá mi mú garawa dání pé àwọn wo ló kùn ún ní yẹ́lò. Ó ní àwọn Amẹ́ríkà ni, ní oṣù kẹfà. Oṣù kẹjọ la wà yìí. A kùn ún ní búlúù, kó lè bá tí-ṣẹ́ẹ̀tì mu.

Ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ òórùn bọ̀ọ̀lì.

Ẹni tí òórùn yẹn bá tọ́ dàgbà kì í ṣì í mọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé kí á má jáde, kí á má ra nǹkan jẹ lójú títì. Mo jáde. Obìnrin kan jókòó sí ìta géètì lábẹ́ agboòrùn yẹ́lò, ó ń fẹ́ná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pípọ́n tò sórí irin. Gonja ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kò sí ẹ̀pà tí wọ́n á fi jẹ ẹ́, ìyẹn nìkan ni mo lè bá wọn wí. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi. Àwọn obìnrin agbègbè yẹn máa ń kúnlẹ̀ kí ènìyàn bíi tiwa, ó sì ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti kúnlẹ̀ kí mi kẹ́yìn. Ó pè mí ní nnyabo, ìyẹn màdáámù. Mo ra méjì. Lọ́jọ́ kejì mo tún padà lọ, a sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì, nípa oòrùn, nípa iye ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọmọbìnrin tó gùn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ̀lé mi dé ẹnu géètì. Bó ṣe fojú kan obìnrin náà, kò sáré. Kò gùn ún. Ó dúró, ó ki ìka bọ ẹnu, ó tẹjú mọ́lẹ̀, ojú ń tì í. Obìnrin náà gbójú sókè, ó tún yára gbé e kúrò, ó wá ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì tó yí. Ìgbà yẹn ni ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tó yẹ kó ti sọ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bi í ní gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́: ọmọ ta ni ẹ́?

Ó wo obìnrin náà.

Ọkọ obìnrin náà ló gun ọ̀kadà, boda boda tiwọn, lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kò bọ̀ mọ́. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún un. Láti ọdún 1997 ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ ní Uganda, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀fẹ́ ṣe máa ń rí: owó oúnjẹ ọ̀sán wà níbẹ̀, owó aṣọ wà níbẹ̀, owó ìdánwò wà níbẹ̀. Wọ́n wá bá a láti inú ilé yìí, wọ́n ní ọmọ náà á jẹun, á sì kàwé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Ó lè wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wà nílé, kò gbọ́dọ̀ wọlé, torí pé mulekwa ni àwọn àlejò wá wò. Mulekwa ni ọ̀rọ̀ Luganda fún ọmọ òrukàn. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ló túmọ̀ sí. Kí ló wá dé tó fi ń ta ọjà síbi tí àwọn tó ń kọjá kò tó nǹkan? Ó ní láti ibẹ̀ òun lè gbọ́ ohùn ọmọ òun nínú orin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó wò. Ọmọ wo nínú wa ló lè gba iwájú àgbà kọjá nílé kí wọ́n má bi í pé ọmọ ta ni ẹ́? Kí wọ́n tó bi ọ́ ní orúkọ ni wọ́n á ti bi ọ́ ní ìyẹn. Bí o bá ń jà, wọ́n á bi ọ́. Bí o bá kí wọn dáadáa, wọ́n á tún bi ọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú bá ọ lọ́jà tí ò ń sunkún, ìyẹn gan-an ni wọ́n á bi ọ́ títí wọn yóò fi mú ọ délé. Àwa méjìlá tí wọ́n bi ní ìbéèrè yìí ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, a wà láàárín ọmọ 46 fún ọjọ́ márùn-ún, a mọ nọ́ńbà bàtà wọn, a mọ ẹni tí eyín rẹ̀ ti jẹrà, a kò bi ẹnì kan. Orí tí-ṣẹ́ẹ̀tì wa la ti kọ ìdáhùn sí.

Ìṣirò náà dá kún un. UNICEF ka ọmọ òrukàn ayé sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 140 lọ́dún 2015, mílíọ̀nù 52 nínú wọn ní Áfíríkà. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn iye yẹn, Pásítọ̀ wa sì ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí á tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n lójú UNICEF, ọmọ tí òbí kan péré kú fún náà wà nínú rẹ̀. Àwọn tí bàbá àti ìyá kú fún jẹ́ mílíọ̀nù 15 àti díẹ̀ ní gbogbo ayé. Àwọn yòókù ní ẹnì kan tó ń ta gonja níbì kan.

Èmi gan-an wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìyá mi sì fi mí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn ní Iléṣà, àwọn yẹn tí wọ́n fẹ́ gbálẹ̀ dè wá. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé. Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè ni ìyá mi ń wá ná ọjà, wọn yóò sì yà wò mí. Kò sí ẹni tó pè mí ní ọmọ òrukàn rí. Bí ẹnikẹ́ni bá dán an wò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi á fi ọmọrogùn lé e dé òpin àdúgbò.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún yẹn, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo wa ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, oníwà tútù ni. Láti ìgbà tí a ti dé, kò bá ọmọ kankan ṣeré. Pọ́ńpù omi tó bàjẹ́ ló ń tún ṣe látàárọ̀ dalẹ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ le.

Ó gbọ́ mi tán, ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Àbúrò, òyìnbó ló tọ́ mi."

Mo mọ ìtàn náà láti òkèèrè. Láti nǹkan bí ọdún 1955 lọ sókè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Yorùbá pọ̀ nínú wọn, kò rí yàrá tí wọ́n á gbà fún wọn pẹ̀lú ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá ń kọ́ṣẹ́ amòfin, ìyá ń ṣiṣẹ́ ilé ìwòsàn tàbí kó máa ránṣọ. Wọ́n á polówó nínú ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Nursery World, wọ́n á fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ obìnrin òyìnbó kan ní Kent tàbí Sussex, wọ́n á máa sanwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló bá a lọ bẹ́ẹ̀. Lójú àwọn òbí, ọmọ àgbàtọ́ náà ni, bí ìgbà tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí Iléṣà.

"Ọmọ oṣù mẹ́ta ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi lọ," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ìyá òyìnbó yẹn tọ́jú mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Dádì àti Mọ́mì máa ń wá ní Sátidé kan lóṣù. Wọ́n á gbé bísíkíìtì wá, a ó ya fọ́tò. Bí wọ́n bá ń lọ, mo máa ń dúró sójú fèrèsé. Nígbà tó yá, mi ò lọ sójú fèrèsé mọ́. Ìyá òyìnbó ní mo ti dàgbà." Ó ń nu epo kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ karùn-ún rèé tí a dé. Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan mọ orúkọ mi."

Lọ́jọ́ keje, mo lọ bá ẹni tó dá ilé náà sílẹ̀. Mo ti di ọ̀rọ̀ mi bí ẹni di ẹrù, mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Tíṣà tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ kó jọ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1990, ọmọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, nígbà tí àrùn éèdì pa àwọn òbí wọn láàárín ọdún méjì. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Mọ́mì, mo ti kọ lẹ́tà rí sí ìjọ mẹ́rin ní ìlú òkèèrè. Mo ní kí wọ́n bá mi sanwó ilé ìwé fún ọmọ 30 tó ń gbé lọ́dọ̀ jjajja wọn." Ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ni jjajja. "Ìjọ kan ló dáhùn. Wọ́n ní àwọn á máa gbàdúrà. Nígbà tí mo wá kọ́ ilé, tí mo kó ọmọ sí i, tí mo ya fọ́tò wọn, ìjọ mọ́kànlá ló wá. Ẹ̀yin lẹ ṣìkejìlá. Ta ní máa ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá wo ọmọ tó jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀?"

Mo dìde láìrí ohun kan sọ. Wọ́n se adìẹ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ sì jẹ nínú rẹ̀. Obìnrin onígonja ti sọ fún mi pé posho àti ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ bí kò bá sí àlejò. Tùwó àgbàdo ni posho. Lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án, àfi pé ọmọdé ni yóò san èyí.

N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ọjọ́ tí a kúrò. Ẹkún pọ̀. Ọmọbìnrin mi yẹn (ẹ wò ó, mo ti ń pè é ní tèmi) gun ọ̀dọ́kùnrin wa kan, ó ní kó mú òun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tí mo ń fọ tí-ṣẹ́ẹ̀tì náà nílé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní Yorùbá. Ní gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tí a kọ síbẹ̀, ó ní kí á lọ bẹ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n nínú Bíbélì wa, ìsìn mímọ́ ni "láti máa bójú tó àwọn aláìníbaba àti àwọn opó nínú ìpọ́njú wọn". Bójú tó ni ó wí. Aláìníbaba ni ó wí pẹ̀lú, kò wí aláìlóbìí. Opó sì wà níbẹ̀, wọ́n so òun àti ọmọ pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi gbé ìyá yẹn sẹ́yìn mi kiri inú ilé tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀.

Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló túmọ̀ Bíbélì náà, Àjàyí sì mọ ohun tí aláìníbaba jẹ́. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn. Wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ ẹrú, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Àwọn míṣọ́nnárì ló tọ́ ọ, wọ́n kọ́ ọ níwèé, wọ́n fún un ní orúkọ tuntun. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni ní Freetown ìgbà náà, ọmọ òrukàn ni wọn yóò pè é. Lọ́dún 1846 ó dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú iṣẹ́ ìhìnrere. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ọjọ́-dé-ọjọ́ rẹ̀ pé ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ẹsẹ Bíbélì tó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú kàlẹ́ńdà àwọn onígbàgbọ́ sọ pé Ọlọ́run ni olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Àfàlà, ìyá rẹ̀, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn kò fi ojú kan ara wọn. Ara ìyá ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ là, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa fi ń kẹ́ ẹ ní kékeré ni ìyá fi ń pè é. Kò sí míṣọ́nnárì kan ní Freetown tó mọ àwọn orúkọ náà.

Mo sọ ìtàn yìí ní ìpàdé ìgbìmọ̀. Mo tún gbé ìṣirò kalẹ̀: tíkẹ́ẹ̀tì, físà, abẹ́rẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀sì àti tí-ṣẹ́ẹ̀tì, nǹkan bíi 1,600 pọ́n-ùn lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, 22,400 lápapọ̀. Owó tó lé ọmọ obìnrin onígonja kúrò nílé, oúnjẹ ọ̀sán, aṣọ àti ìwé, kò tó 70 pọ́n-ùn lọ́dún. Owó ìrìnàjò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méje fún gbogbo ọmọ 46. Mo rán wọn létí pé Pásítọ̀ máa ń fi George Müller, tó dá ilé ọmọ òrukàn sílẹ̀ ní Bristol láyé àtijọ́, ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Müller kì í gba ọmọ sílé àyàfi bí bàbá àti ìyá bá ti kú. Òun bi wọ́n ní ọmọ ta ni ẹ́.

Ìjà dé, ó ju ti tí-ṣẹ́ẹ̀tì lọ. Mọ́mì kan ní ṣé mo fẹ́ sọ pé Ọlọ́run kò rán wa ni. Ẹlòmíràn ní àwọn ọ̀dọ́ tó lọ ti yí padà, ọmọ òun kì í fi oúnjẹ ṣòfò mọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní Uganda ni láti kọ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ní bí wọ́n ṣe ń jẹun tán? Ẹnì kan ka ohun tí Rwanda, tó bá Uganda pààlà, ti ń ṣe láti ọdún 2012, tí wọ́n ń kó ọmọ kúrò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ padà sínú ìdílé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu sí i pé irú ìrìnàjò bíi tiwa lè pa ọmọ lára, pé ó lè yọrí sí kíkó ọmọ tà àti lílò wọ́n nílòkulò. Ìgbìmọ̀ ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò.

Kòrónà kò dúró dè wọ́n. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Uganda ti ilé ìwé pa, ẹni tó ni ilé náà kò rí àlejò mọ́, kò sì rí owó oúnjẹ. Ó ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, 42 nínú 46 ti rí ibi lọ: ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀dọ̀ jjajja, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Àwọn mẹ́rin tí kò ní ẹnì kan ń gbé nílé rẹ̀ títí di òní, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìjọ wa gbà níkẹyìn, a ń fi owó ilé ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tó ń tọ́ wọn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ìjọ ló ń dá a. Obìnrin onígonja fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ òun ti wà nílé, ó sì ń ka ìwé. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ náà fi ń béèrè ìgbà tí àwọn àlejò máa dé.

Fọ́tò wa ọdún yẹn ṣì wà lára ògiri ní àbáwọlé ìjọ. Àwa mẹ́rìnlá nínú aṣọ búlúù, àwọn ọmọ níwájú wa, etí agboòrùn yẹ́lò kan lókè géètì bí ẹni bá mọ ibi tí yóò wò. "Àwọn ọmọ òrukàn wa ní Uganda" ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo sọ fún ọmọkùnrin tó ń mójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pé kó bá mi yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ó ní, "Kò burú, Àǹtí. Kí ni kí n wá kọ?" Mo ní kó kọ orúkọ wọn. Ó mú bírò, ó ní kí n máa pè é. Mo dúró níwájú fọ́tò náà, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Méje ni mo mọ̀.